Nọ́ńbà Fóònù Tèmi Ni Mo Tẹ̀ Síbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan tí kò tóbi ní Ajégúnlẹ̀. Nǹkan kan wà lọ́kàn mi tí mi ò sọ fún ọkọ mi, tí mi ò sọ fún pásítọ̀ mi. Àìmọye ìgbà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ tí mo tún pa á rẹ́. Lónìí mi ò ní pa á rẹ́, torí mẹ́sẹ̀jì kan wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ yìí, mi ò sì lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹjọ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá rò. Kí wọ́n tó gbé e wá fún wa, káàdì la fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sọ káàdì rẹ̀ nù, àfi ká tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èkúté ti jẹ fáìlì aboyún rí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, èsì àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá bá wa láìjẹ́ pé a rán ẹnikẹ́ni. Tí dókítà bá kọ oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà, àmì pupa á yọ. Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni mẹ́sẹ̀jì. Fúnra rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù aláìsàn pé ọjọ́ klíníkì ti tó, tàbí pé kó padà wá nítorí èsì àyẹ̀wò. Ó ti gba ẹ̀mí là lójú mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí èèyàn kọjá ojú ewé àkọ́kọ́ láìtẹ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀. Ẹni tó ṣe é kò mọ Ajégúnlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, fóònù kan lè jẹ́ ti gbogbo ilé. Wọ́n ti jí ti ẹlòmíràn, ọkọ ló mú ti ẹlòmíràn lọ síbi iṣẹ́ ní wáàfù, ìyẹn èbúté. Èrò á ti tò lẹ́yìn, ọmọ á máa ké, ooru á máa mú. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà tèmi fún àwọn tí kò ní. Mo ní tí mẹ́sẹ̀jì bá ti dé, mo máa rán èèyàn sí wọn, tàbí kí n yà lọ́dọ̀ wọn fúnra mi. Mo sì ń ṣe é lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù wa tiẹ̀ pe gbogbo wa jọ lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn aláìsàn tèmi ni mẹ́sẹ̀jì wọn ń dé jù, kí àwọn tó kù wá kọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Mo dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi dùn débi pé mo ra súyà lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni àwọn mẹ́sẹ̀jì náà ń dé sí.

Obìnrin kan wà tí mo máa pè ní Sìdí. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìjọra Badíà ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń já ẹrù ní wáàfù, àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ọkọ náà ní Jàmíù. Wọ́n ti ń retí ọmọ tipẹ́ kí oyún yẹn tó dúró. Fóònù Sìdí ti bàjẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní fóònù kékeré kan tó ní tọ́ọ̀ṣì, àmọ́ Sìdí ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí, ni mo bá tẹ tèmi. Nígbà tó padà wá, ó mú nọ́ńbà ìyá ọkọ rẹ̀ wá nínú bébà kékeré kan. Mo gbà á, mo ní mo máa yí i padà, mo sì jù ú sínú báàgì mi. Mi ò yí i padà. Kì í ṣe ìkà, ẹ jọ̀ọ́. Ìmẹ́lẹ́ lásán ni.

Ìgbà tí Sìdí ti lọ sílé ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mẹ́sẹ̀jì náà ní kó padà wá kíákíá, kó má dúró de ọjọ́ klíníkì.

Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín: mo rí i, mo sì kà á. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa la sì mọ bí ẹrẹ̀ Badíà ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. Bàtà funfun tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní màá yà níbẹ̀ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì ẹnì kan ò wá síṣẹ́, iṣẹ́ èèyàn méjì ni mo ṣe, mẹ́sẹ̀jì àwọn mìíràn sì ń wọlé lé e lórí. Nígbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ klíníkì rẹ̀ ò kúkú jìnnà mọ́.

Ọjọ́ klíníkì ò tíì pé tí wọ́n fi gbé e dé nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó bí ọmọ náà, ọkùnrin ni, kò ké. A ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀, kò ké. A rí ẹ̀jẹ̀ fà sí Sìdí lára, ìyẹn ló jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yè é. Èmi ni mo wẹ ọmọ yẹn, èmi ni mo fi aṣọ wé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé àánú ló ń ṣe mí.

Nígbà tí Sìdí ti lè jókòó, dókítà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, inú sì ń bí i. Ó ní wọ́n ránṣẹ́ pè é, kí ló dé tí kò wá. Sìdí ní òun ò rí ìránṣẹ́ kankan.

“Màdáàmù, mẹ́sẹ̀jì yẹn dé,” ni dókítà wí. “Kọ̀ǹpútà kì í parọ́.”

Sìdí wo Jàmíù ọkọ rẹ̀ tó dúró níbẹ̀, ó ní, “Nọ́ńbà màmá ni mo fún wọn.”

Mo dúró níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí ọ̀rọ̀ náà, mi ò sọ ọ́. Mo ń ro iṣẹ́ mi, mo ń ro ìwé ẹ̀rí mi, mo tiẹ̀ tún ń ro àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún mi. Jàmíù ní òun ń lọ mú fóònù ìyá òun wá. Bó ṣe jáde báyìí, mo wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà wà. Mo wá bébà yẹn nínú báàgì mi títí mo fi rí i. Mo pa nọ́ńbà tèmi rẹ́, mo sì tẹ ti ìyá Jàmíù síbẹ̀.

Nígbà tí Jàmíù dé, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí nọ́ńbà yẹn.” Èmi náà ni mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà náà bó ṣe ń kà á. Ti ìyá rẹ̀ ni. Ó tú inú fóònù náà wò, kò rí mẹ́sẹ̀jì ọsibítù kankan.

“She don clear am,” ló wí. Pé ìyá òun ló pa á rẹ́ ló ń sọ.

Ìyá náà ò mọ̀wé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka mẹ́sẹ̀jì, ká má tíì sọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n òun àti Sìdí ti máa ń ní gbólóhùn asọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí bí oyún ṣe pẹ́, gbogbo ará ilé ló sì mọ̀. Ó búra, ó sunkún, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ní kó máa lọ. Mo gbọ́ pé ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ kan tó ń se oúnjẹ tà fáwọn awakọ̀ tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń jẹun, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò kàn tẹ nọ́ńbà mi fún ẹnikẹ́ni mọ́ ni.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di oṣù tó kọjá, tí ìyá arúgbó kan wá jókòó níwájú mi. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ: ìyá Jàmíù ni. Ó ti rù. Òun náà mọ̀ mí, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí àyè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìtọ́jú tí mo ṣe fún ìyàwó ọmọ òun. Mo sáré dì í mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó lójú.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ga. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì, mi ò ní fóònù mọ́,” ló wí. “Fóònù yẹn ló lé mi kúrò nílé ọmọ mi. Mo ti gbé e fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi ṣeré.”

Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà yìí, ẹ bá mi bi í léèrè. Mo máa ń tẹ nǹkan lórí fóònù yẹn tí mo bá fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì. Bóyá ìgbà yẹn lọ́wọ́ mi kàn án tí mi ò mọ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo pa ọmọ yẹn, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ bí màá ṣe bẹ Ọlọ́run.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí ti ń gbà á gbọ́. Ó mọ̀ pé òun ò ṣe é, síbẹ̀ ó ti ń gbà á gbọ́. Mo ní màá wò ó, kó gbọ́ èsì lọ́wọ́ mi tó bá padà wá. Kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kí n kọjá, ó ṣì ń retí nọ́ńbà, èrò sì ti tò lẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ tèmi síbẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe ti sọ fún wa pé gbogbo ohun tí a bá yí padà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i. Kò kàn tíì sẹ́ni tó ronú láti wò ó ni. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí mi, àwọn ọmọ mi sì ṣì wà níléèwé. Sìdí ti bí ọmọ mìíràn, obìnrin. Tó bá gbé e wá gba abẹ́rẹ́, kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mìíràn fọwọ́ kàn án àyàfi èmi. Ó máa ń pè mí ní àǹtí. Mo mọ ojú tó máa fi wò mí tó bá gbọ́, mo sì mọ̀ pé ojú yẹn tọ́ sí mi.

Mẹ́sẹ̀jì tó wọlé láàárọ̀ yìí kà báyìí: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ọ̀la ni ọjọ́ klíníkì yín.” Tí mi ò bá lọ sọ fún ìyá Jàmíù, kò ní mọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á sì tán. Òjò tún ti rọ̀. Mo ti wọ bàtà mi, Coconut ni mò ń lọ.

Mo fẹ́ bi yín bóyá òun ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí ọsibítù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdáhùn yín ò lè bá mi nílé. Kí ẹ tó ka èyí, màá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá ti jíṣẹ́ klíníkì fún un, á sì ti bi mí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.