Èmi Ni Mo Yan Táwẹ̀lì Funfun

Ẹ má tíì na ọwọ́ o. Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ kí kọfí yín tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó yọ orúkọ Àńtí Siew Gek kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí. Nǹkan kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé kiri mọ́. Òní ló máa jáde, kódà bẹ́ ẹ bá máa fi àga gbá mi lórí. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Keat, awakọ̀ tó ń fi lọ́rì kó ẹja, ẹni tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ tó ń na ara létí adágún Taiping láràárọ̀. Ẹ mọ̀ pé tí mo bá rí aláǹgbá, màá ní ọ̀nì ni mo rí. Èmi ni mo sọ fún yín pé mo fi ọwọ́ kan gbé lọ́rì jáde nínú kòtò ní Kamunting. Irọ́ ni. Àwọn ọkùnrin abúlé ló gbé e, èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń pariwo pé kí wọ́n gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n ti òní yìí, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹnu mi yìí tẹ́ ẹ rò pé kì í rẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ òun náà.

Ẹ rántí ìpàdé tá a fi yan ẹ̀bùn tá a máa tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára fún ọgbọ̀n ọdún tá a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nínú ilé kọfí yìí náà ni. Àńkù Ghee Seng ní ká ṣe ife. Àńtí Siew Gek, akọ̀wé wa, ní, "Ife kẹ̀? Ife tí báǹkì tẹ orúkọ sí lára pọ̀ nílé mi ju ẹnu tó máa fi mu nǹkan lọ." Ẹnì kan ní ká ṣe fìlà. Alága wa, Bàbá Lau Teik Hock, fọwọ́ pa orí ẹ̀ tó ń dán, ó ní, "Ohun tó rẹwà jù nínú ẹgbẹ́ yìí lẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀?" A rẹ́rìn-ín débi pé ọlọ́jà tó wà lódìkejì yọjú wò wá. Ẹlòmíì ní àbùràdà, àwọn obìnrin ní irú olówó pọ́ọ́kú yẹn, òjò Taiping máa ṣẹ́ ẹ kó tó dé títì. Ìgbà yẹn ni Àńtí dìde. Ó ní, "Ṣebí a máa ń làágùn láràárọ̀? Táwẹ̀lì ni. Táwẹ̀lì pupa, tó gùn tó láti fi kọ́ ọrùn." Ọ̀rọ̀ parí. Kò sì fi mọ sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó lọ ra oríṣiríṣi ní Ipoh, ó rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sómi pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun kó lè mọ èyí tí àwọ̀ ẹ̀ máa ṣí. Èyí tí kò ṣí yẹn, ó pupa bí aṣọ tí ìyàwó wa máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gé díẹ̀ lára ẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́, torí pé èmi ni mo ní ọkọ̀. Ó ní, "Keat, irú èyí gan-an. Lọ bá wọn ní Ipoh."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé ó dáa, Àńtí. Ẹnu mi kọ̀. Mo ní, "Ipoh kẹ̀? Ṣebí alágbàtà ni gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ilé iṣẹ́ táwẹ̀lì tó tóbi jù ní Klang. Tí mo bá débẹ̀, ó máa ń dìde lórí àga ẹ̀ fún mi ni." Alága pàtẹ́wọ́. Àńtí wò mí, ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Àńtí, ẹ kà á sí pé ó ti dé." Ọ̀rẹ́ wo? Mo gbé ẹja kọjá níwájú ilé iṣẹ́ yẹn rí ni, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì júwe ọ̀nà fún mi. Òun náà ni mo tún bá nígbà tí mo padà lọ. Ó ní ta ni mo fẹ́ rí. Mo ní ọ̀gá. Ó ní ọ̀gá wo. Mi ò mọ orúkọ kankan. Ó ní kí n wa lọ́rì mi kúrò níbẹ̀, pé òórùn ẹja ti ń wọlé bá àwọn òṣìṣẹ́. Bí mo ṣe délé ni mo sọ fún Àńtí pé a ti parí ẹ̀, wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí mo wá sá lọ sí Ipoh, ilé ìwé kan ti ra gbogbo táwẹ̀lì pupa yẹn fún ìdíje eré sísá wọn. Àńtí sì ń pè mí lórí fóònù. "Keat, ṣé pupa yẹn gan-an ni?" "Àńtí, pupa tó jẹ́ pé tí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró bá rí i, ojú máa tì í." "Gbé ọ̀kan wá kí n rí i." "Ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ, Àńtí." Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe títí ọjọ́ fi wọlé dé.

Ni mo bá lọ sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ta pósí àti tùràrí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí táwẹ̀lì funfun kún títí kan àjà, mi ò sì bù mọ́ ọn. Mo mọ ohun tó wà fún. Kò sí ọmọ wa tó gbọ́njú nílùú yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Mo rà á. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kumaresan tó ń tẹ orúkọ sára aṣọ lẹ́yìn ọjà, àtìgbà tá a ti jọ ń jí èso rambutan ká ni a ti ń ṣọ̀rẹ́. Macha ló máa ń pè mí, bí ẹni ń pe àna ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti búra pé mi ò ní fojú kan àbúrò òun obìnrin láéláé. Ó tú ẹrù náà, ó wò ó, ó tún un dì. Ó ní, "Macha, ta ló kú?" Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò kú. Bá mi tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí i." Ó ní, "Ẹ̀yin Ṣáínà lẹ máa ń pín nǹkan yìí nílé òkú. Èmi tí mo jẹ́ Tamil mọ̀ ọ́n, ìwọ wá ní o ò mọ̀ ọ́n?" Mo ní, "Pupa ni kó o fi tẹ̀ ẹ́. Pupa máa lé aburú lọ." Ó ní, "Pupa tèmi ò lé ẹ̀fọn lọ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, aburú ló wá fẹ́ lé." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kó o fún mi, ó ní, "Tí wọ́n bá bi mí, mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Àńtí fẹ́ wá bá mi dì í. Mo ní kó lọ sinmi, àgbà ni, pé mo lè dì í lójú oorun. Ló bá gbé súìtì fún mi pé kí n máa fi ẹyọ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọjọ́ náà lè dùn lẹ́nu gbogbo èèyàn. Bí mo ṣe ń dì í lẹ́rù ń bà mí, funfun yẹn ti pọ̀ jù lójú mi. Mo ní kí n fi pupa kún un. Mo gé òwú pupa, mo so ó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú mi tiẹ̀ ń dùn pé orí mi pé. Àfìgbà tí mo dé orí èyí tó gbẹ̀yìn tí mo gbé e sókè wò. Táwẹ̀lì funfun, òwú pupa, súìtì kan. Ẹ sọ fún mi, kí ló kù? Ohun tí wọ́n máa ń fi lé wa lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú gan-an nìyẹn, kò yẹ̀ síbì kankan. Ká ní mo tiẹ̀ fẹ́ ṣe é láti fi ṣépè ni, mi ò bá má mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣì lè tú u. Mo ṣì lè pe Àńtí. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò pépà pupa, mo lẹ ẹnu ẹ̀ pa, mo ní bóyá wọn ò ní tú u títí wọ́n á fi délé.

Ẹ wà níbi oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ọkàn ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ fún torí ọ̀wọ̀. Ó já àpò náà lójú gbogbo wa. Ó gbé táwẹ̀lì yẹn sórí itan, ó fọwọ́ kan òwú, ó fọwọ́ kan súìtì. Ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jẹ ẹja yìí tán." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Àńkù Ghee Seng ju tiẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Àwọn kan ti ń wá ewé ọsàn ńlá tí wọ́n máa fi wẹ aburú kúrò lára. Boon Teong, àkọ́bí Alága, dìde. "Ta ló yan èyí?" Àńtí yíjú sí mi. "Keat, èyí kọ́ ni mo fún ẹ. Sọ fún wọn." Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí, mo kọ́kọ́ ń ṣa eegun ẹja inú àwo mi. Nígbà tí mo máa lanu, mo ní, "Iṣẹ́ tí Àńtí rán mi ni mo jẹ́. Èmi kì í ṣe akọ̀wé. Mi ò mọ̀wé, mi ò lè ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i pàápàá." Mo fi àìmọ̀wé mi bojú. Ṣé ìwé lèèyàn fi ń mọ funfun yàtọ̀ sí pupa ni? Àńtí wò mí títí. Ó wá ní, "Èmi ni akọ̀wé. Ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà." Ẹ̀yin gbà pé ó jẹ́wọ́ nìyẹn. Kò jẹ́wọ́ kankan. Èmi ló fi ara ẹ̀ bò.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí Alága fi kú. Dókítà ní ọkàn ni, ìlú ní táwẹ̀lì ni. Àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ń sọ ọ́ sí mi létí, èmi náà ń mi orí. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ló kù yìí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mí. Ẹ rántí pé èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú, tí mò ń pín táwẹ̀lì fún àwọn tó wá kí wọn. Àńtí Siew Gek wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá nínú oòrùn, ó wọ aṣọ funfun, ojú ẹ̀ ti wú. Ẹni tó ti ń bu tíì fún Alága láràárọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jọ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo fa táwẹ̀lì náà sẹ́yìn. Mo ní, "Àńtí, àwọn ọmọ olóòkú ní kẹ́ ẹ má wọlé." Ó ní, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí." Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò wí bẹ́ẹ̀. Boon Teong wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń sun pépà tá a máa ń sun fún òkú, kò rí i, kò rán mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tó bá dé iwájú pósí, ó máa sọ òótọ́ fún òkú, àwọn alààyè á sì gbọ́. Ó dúró lójú títì, ó tẹríba sí pósí láti ọ̀hún, ó yíjú padà. Búrọ̀dá Boon Teong, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí àga bàbá yín lónìí, gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ pé ẹ lé obìnrin yẹn, ẹ rò pé ọ̀kan nínú àwọn àbúrò yín ló lé e. Àwọn náà rò pé ẹ̀yin ni. Èmi ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yọ orúkọ ẹ̀ lónìí, mo lọ bá a lánàá. Ó ń bomi rin òdòdó ẹ̀, kò ní kí n jókòó. Mo ní, "Àńtí, mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé mo ṣèèṣì." Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ohun tó o fẹ́ lọ sọ nìyẹn, jókòó sílé ẹ. Irọ́ míì ni. Tó o bá máa sọ̀rọ̀, sọ fún wọn pé o mọ̀." Ó ń bomi rin òdòdó ẹ̀ lọ. Torí náà, mo mọ̀. Mo mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo mọ̀ lọ́dọ̀ Kumaresan, mo mọ̀ nídìí oúnjẹ. Lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú ni mo mọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ tẹ̀ lé ìyá àgbà yín wá, tẹ́ ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́. Tẹ́nu yín bá ti ṣe ìlérí ohun tí apá yín ò ká, ẹ tètè padà lọ sọ pé apá yín ò ká a. Ìtìjú ọjọ́ kìíní kéré, ó lè wọ inú àpò ṣòkòtò. Ẹ má jẹ́ kó dàgbà bíi tèmi. Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ forí jì mí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ na lé orúkọ Àńtí Siew Gek, orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ na án lé. Mo ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ títí ẹ fi máa ka ọwọ́ tán, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ẹ wo ọwọ́ mi, ó ti wà lókè. Ta ló kàn?