Bí Ọlọ́run Ṣe Gba Ṣọ́ọ̀bù Mi Lọ́wọ́ Gúrúùpù Dọ̀tun

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi ohùn rara dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù, kí wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà Boundary! Kò jẹ́ kí ojú tì mí.

Gbogbo yín lẹ mọ èmi Bàbá Ṣadé. Èmi ni mo ń ta táyà tòkunbọ̀ fún àwọn onítírélà tó ń wọ Àpápá. Ìwé mi ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ gbá táyà, mo ti mọ̀ bóyá ó máa dé Ìbàdàn. Ta ni wọ́n mọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ṣáájú mi? Kò sí!

Àfi bí Dọ̀tun ṣe gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì, tóun náà ń ta táyà. Ọmọ àná! Ó kó àwọn dírẹ́bà jọ sínú gúrúùpù kan lórí Wásáàpù. Ẹni tó wà ní Ìjọ́rà á ní ọ̀nà ti dí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, gbogbo wọn á bá a yọ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn kọ́sítọ́mà mi ń gba iwájú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n tún ń juwọ́ sí mi! Mi ò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run: mo jowú bí orogún. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, oúnjẹ ẹnu mi á korò.

Mo dá tèmi sílẹ̀. Mo kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù mi síbẹ̀, mi ò bi ẹnì kankan. Láàárọ̀, lálẹ́, fọ́tò táyà ni mò ń fi ránṣẹ́, mo sì ń fi tèmi tẹ̀ lé e, torí mo rẹwà. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ku èmi, ìyàwó mi, àti Bàbá Ìdòwú, dírẹ́bà àgbà kan. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí." Wọ́n ní, "Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà jáde ni."

Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù mi wá ní bí ọjà mi ò bá tà, òun á gbé e fún Dọ̀tun. Dọ̀tun! Mo gbààwẹ̀. Mo ní, "Olúwa, tú gúrúùpù yẹn ká!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ohùn Bàbá Ìdòwú wọlé sínú gúrúùpù mi. Táyà wọn ti bẹ́ ní Kírikírì, tẹrù tẹrù. Wọ́n ti kọ́kọ́ ké sínú gúrúùpù Dọ̀tun, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ń kí ẹnì kan kú ọjọ́ ìbí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá rì sáàárín "Àmín, Àmín". Níbi tèmi, ta ló fẹ́ bo ohùn wọn mọ́lẹ̀? Mo ju táyà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Kírikírì!

Bàbá padà sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn nínú gúrúùpù Dọ̀tun: "Mo ké síbí, ẹ ò gbọ́. Bàbá Ṣadé ló gbọ́ mi." Haa! Fóònù mi ò sinmi mọ́. "Ọ̀gá, abeg, put me back!" Mo dá wọn padà, ṣùgbọ́n mo ṣòfin: fọ́tò táyà ò wọbẹ̀ mọ́, tèmi pàápàá ò wọbẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá ṣe lójú ọ̀nà ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, èmi ni màá sì dá a lóhùn. Alhaja rí bí tírélà ṣe tò síwájú mi, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èmi náà sínú gúrúùpù yín." Nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Ìka mi ò tíì lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ bá mi jó, kí ẹ sì gbàdúrà fún ìka yìí!