Aago Tí Kò Dún Nínú Yàrá Àyẹ̀wò

Ẹ pa ìwé yín dé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tuntun. Wọ́n ní kí n wá kọ́ yín bí a ṣe ń bi aláìsàn bóyá iṣẹ́ wa tẹ́ wọn lọ́rùn ní ẹ̀ka tí a ti ń ya àwòrán inú ara. Mi ò ní kọ́ yín ní ìyẹn lónìí. Irọ́ inú mi ti tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ni mo máa ń dúró sí. Ẹni tó bá jáde, màá bi í: ṣé wọ́n kí yín dáadáa? Ṣé ó pẹ́ kó tó kàn yín? Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kò-sí-wàhálà, ló ń gba èsì. Bó bá korò, á dá a padà fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tún un ṣe jàre. Ta ló lè tẹ́ aláìsàn lọ́rùn?" Màá rẹ́rìn-ín, màá sì tún un ṣe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é o! Ẹnikẹ́ni ò na ìbọn sí mi.

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ kan jáde, òógùn bò ó. Wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ tó dà bí ihò yẹn, wọ́n fún un ní aago ìpè kékeré dání. Ó ní, "Mo tẹ̀ ẹ́ títí, bọ̀ọ̀dá, kò dún. Mo pariwo, wọn ò gbọ́. Ikọ́ fée sì ń ṣe mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn o, torí wọ́n ní kí n tún padà wá."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti gbọ́." Mo gbọ́ lóòótọ́. Mo lọ kọ ọ́ pé inú obìnrin náà dùn gidigidi. Ìkà ni mí!

Ó padà wá. Ó bi mí pé, "Wọ́n ti tún un ṣe, àbí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún tì í sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ jáde lọ gba ìpè fóònù. Kó tó padà, ikọ́ fée ti pa aránṣọ sínú ẹ̀rọ, ó ṣì di aago mú.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Wọ́n pe ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, àti àwa náà síwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú rẹ̀, nínú yàrá yìí gan-an. Ó kọjú sí mi: "Ẹ̀yin lẹ ń bi èèyàn léèrè. Ṣé ẹnì kankan ò ráhùn nípa aago yìí rí?" Kò-sí-wàhálà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó ráhùn." Ìyàwó rẹ̀ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi! Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n fún ẹ̀ka wa ní àmì ẹ̀yẹ.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, mo jẹ́wọ́. Kò nà mí. Ó fá pákó rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Kò tún fi "ẹ" pè mí mọ́. "Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti purọ́. Lẹ́yìn náà kí o wá bẹ̀ mí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí aláìsàn bá sọ ni kí ẹ kọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ebi lè pa yín, ṣùgbọ́n ẹ ó rí oorun sùn. Ẹni tó bá fẹ́ pe Kò-sí-wàhálà wá gbọ́, kó lọ pè é. Èmi ń lọ bẹ káfíńtà.