Ọmọ Jésù Tí Mo Bò Mọ́ Inú Àlìkámà

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí àpò ọ̀dùnkún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Ẹ má sọ fún mi pé kí n sinmi. Ìsinmi tó gùn ń bọ̀, mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fadá ti fi òróró àwọn aláìsàn kùn mí lánàá, mo sì ti jẹ́wọ́ fún un. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Màmá, ohun tí ẹ fi ẹnu yín bàjẹ́ lójú ìlú, ojú ìlú ni kí ẹ ti tún un ṣe." Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè yín nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ pín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èmi Domitila Araque, tí mo ti ń darí Rósárì ní San Benigno yìí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń ràkòrò, èmi ni mo jí ère Ọmọ Jésù tó jẹ́ ti Edilia. Kì í ṣe Yesid àlejò rẹ̀. Yesid kò fọwọ́ kàn án rí, àfi ìgbà tó bá tẹrí ba láti fi ẹnu ko ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti gbogbo wa. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má dá sí i. Edilia, dákun, ìwọ náà, má tíì dìde.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti lọ ń gbé ìlú ńlá lè ti gbàgbé bí a ti ń ṣe é. Lórí òkè tiwa yìí, Kérésìmesì kì í parí lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ère Ọmọ Jésù á wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú ibùjẹ ẹran tí kálukú ṣe sílé títí ọdún tuntun á fi wọlé. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ Candelaria tí a ń tan àbẹ́là, onílé á pe àwọn aládùúgbò, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì gbé Ọmọ náà dìde dúró, torí ọmọ tó ń dàgbà kì í sùn sílẹ̀ títí lọ. Ilé tó bá ń fi í falẹ̀, ẹnikẹ́ni lè yọ́ wọlé kó jí Ọmọ wọn gbé. Eré ni. Olè á ta ẹnì kan lólobó, onílé á kó olórin jáde, wọ́n á máa wá a láti ilé dé ilé, bí wọ́n bá sì ti rí i, olè ló máa se àsè fún gbogbo ìlú. Mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń fi olè jíjà yin Ọlọ́run. Èmi ni mo sọ ọ́ di olè jíjà gidi.

Owú ló fà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi pè é ní orúkọ mìíràn. Mo pè é ní ìtara ilé Olúwa, mo pè é ní ìfẹ́ ètò. Owú ni. Ibùjẹ ẹran tèmi ló tóbi jù ní San Benigno. Mo fi dígí ṣe adágún, mo ra àgùntàn alámọ̀ láti ìlú Mérida, mo fi koríko tútù yí i ká. Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Domitila, ó mà dára o," wọ́n á jẹ kéèkì, wọ́n á mu wáìnì, wọ́n á sì wá ọ̀nà lọ. Kò ní pẹ́ tí n ó fi gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀ ọ̀nà, nílé Edilia, opó tí kò rí sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá, tí Ọmọ Jésù rẹ̀ jẹ́ igi tí bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹ́.

Kò sì mọ síbẹ̀. Bí Kérésìmesì bá ti kọjá, Edilia á di Ọmọ náà mọ́ abẹ́ ìborùn rẹ̀, á máa gbé e kiri. Á gbé e lọ bá arọ, á gbé e lọ bá tọkọtaya tó ń jà, á gbé e lọ bá ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Kò ní wàásù. Á wọ ilé ìdáná wọn, á se ọbẹ̀ ọ̀dùnkún àti ẹyin, á gbé Ọmọ náà ka orí tábìlì, á ní, "Ó ní kí n wá kí yín." Ó tán. Àwọn tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọjọ́ ìrìbọmi wọn á bú sẹ́kún, wọ́n á ní kó bá wọn gbàdúrà. Èmi tí mo mọ gbogbo àdúrà lórí, kò sẹ́ni tó sunkún lọ́dọ̀ mi rí, àfi ẹni tí mo bá bá wí.

Ẹ rántí Nicanor àbúrò mi, tó mọ fayolíìnì ta ju ẹnikẹ́ni lọ lórí òkè yìí, tí ọtí miche sì fẹ́ sọ dìdàkudà. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù ni mo ti ń wàásù fún un. Mo da ọtí rẹ̀ nù, mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, mo fi iná ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà á. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ irú yín ló kún ọ̀run rere, ẹ jẹ́ kí n máa lọ síbi tó gbóná." Lọ́dún tí mo ń wí yìí, Edilia gbé Ọmọ náà lọ bá a nínú ahéré tó sùn sí. Ó ní, "Nicanor, Ọmọ yìí ò tíì gbọ́ orin láti àárọ̀. Ta nǹkan díẹ̀ fún un." Nicanor ta á. Ó ta á títí omijé fi ń kán sórí igi fayolíìnì. Kò fẹnu kan ọtí mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti bọ́jú, ó ti ya irun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run o." Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò lọ́kàn mi. Mi ò rò pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo rò ó pé, kí ló dé tí kì í ṣe nípasẹ̀ mi? Àbúrò mi jíǹde, mo ń bínú sí ẹni tó pè é jáde ní ibojì.

Ọ̀sán gangan ni mo lọ jí i. Òjò ń ṣẹ́, Edilia ti lọ kí aláìsàn kan lókè odò, ó sì fi Ọmọ náà sílé kí omi má bàa pa á. Yesid wà lóko, ó ń wa ọ̀dùnkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin láti Colombia ni Yesid, iṣẹ́ ló ń wá kiri. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ló dé ìlú wa. Ẹnu ọ̀nà mi ló kọ́kọ́ kàn. Mo ní kò sáyè, ọwọ́ mi sì ń to àwọn àgùntàn alámọ̀ lọ́wọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Edilia ló tẹ́ ibùsùn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò yẹn, mo wọ ilé Edilia, mo gbé Ọmọ náà, mo fi ìborùn bò ó, mo jáde. Ní ìyànà, mo pàdé Betsabé ọ̀rẹ́ mi. Ó rí bí àyà mi ti wú, ó pàtẹ́wọ́. "Hẹ̀n-ẹ́n! Domitila! Ìwọ tí o kì í ṣeré! O ti jí i nìyẹn! A máa jẹun yó lọ́dún yìí o!" Mo ní, "Panu mọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́." Ó fi ìka di ètè, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Kí n má parọ́, mi ò tíì pinnu nígbà náà. Ó wà lọ́kàn mi pé n ó se àsè tí yóò bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi tó ń dán, mo wò ó, mo ní, "Láìsí ìwọ, kí ni Edilia?" Mo ṣí àpótí àlìkámà, mo bò ó mọ́ inú rẹ̀.

Wọ́n wá a. Nicanor ló ṣíwájú pẹ̀lú fayolíìnì, àwọn ọmọdé múra bí áńgẹ́lì àti olùṣọ́ àgùntàn, Edilia ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Domitila, ẹ dákun, ọmọ mi sọnù o. Ṣé kò yà sọ́dọ̀ yín?" Mo ní, "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń jókòó sílé kì í sọnù." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń dápàárá. Ó rẹ Edilia, ó wá ibi jókòó. Orí àpótí àlìkámà yẹn gan-an ló jókòó sí. Mo bu ọtí gbígbóná fún un níbẹ̀, ó mu ún, ó dúpẹ́.

Candelaria dé, Candelaria kọjá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Betsabé yọ́ wá bá mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Domitila, eré tó báyìí o. Gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde." Mo ní, "Ìwọ tó rí mi tó o dákẹ́, kí ni wọn ó pè ọ́? Àwa méjèèjì la jọ jí i." Ó jáde, kò sì wọ ilé mi mọ́ títí ó fi kú. Ẹ má bú u nínú sàréè rẹ̀. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn ọkùnrin yí mi ká lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Màmá, ta lẹ rò pé ó wà nídìí ẹ̀?" Mo ní, "Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ gbogbo ará ibí ló mọ̀ pé à ń dá a padà. Àjèjì ló lè má mọ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì kọrí sí ilé Edilia, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wọ́ Yesid jáde. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan àfi ṣẹ́ẹ̀tì kan àti àwòrán ìyá rẹ̀. Edilia ń pariwo, "Kò jí i! Bó bá tiẹ̀ jí i, èmi ni mo ni ín, mo ti fi ta á lọ́rẹ!" Ọ̀kan nínú wọn gbá Yesid ní ẹ̀ṣẹ́ nímú. Ó wá rí mi. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó di ìró mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò mọ̀. Gbólóhùn kan péré." Yesid náà gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ nímú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ẹnu mi ni gbogbo ìlú ń wò. Ẹ gbọ́ bí inú èèyàn ti lè burú tó: ó dùn mọ́ mi. Edilia ló kúnlẹ̀ fún mi yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti wá ń wá àánú, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lọ sí tirẹ̀. Mo lanu, mo ní, "Mo rí i. Mo rí i tó ń gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ dì gba ọ̀nà odò lọ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n lù ú, wọ́n lé e gba ọ̀nà orí òkè nínú òjò dídì, láìsí aṣọ òtútù lọ́rùn rẹ̀. Edilia mú bùláńkẹ́ẹ̀tì sáré tẹ̀ lé e títí kùrukùru fi bò ó lójú. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà wà lápá rẹ̀ nígbà tó padà dé. A kò gbúròó Yesid mọ́ títí dòní. Bàbá àwọn kan nínú yín sọ òkò lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi òkò náà lé wọn lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún Edilia mọ́. Wọ́n pè é ní ẹni tó ń gba olè sílé. Arọ wà nílé, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì rí i gbà. Nicanor wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi Ọlọ́run búra, ṣé lóòótọ́ lẹ rí ọmọ yẹn?" Mo búra. Ó sorí kọ́. Ó ní, "A jẹ́ pé wọ́n tàn mí jẹ nìyẹn. Obìnrin tí kò mọ olè yàtọ̀ sí èèyàn gidi, kí ló lè mọ̀ nípa Ọlọ́run?" Ó gbé fayolíìnì kọ́ sára ògiri, ó jáde lọ wá miche. Ẹ mọ ẹ̀bá ọ̀nà tí a ti rí òkú rẹ̀. Ẹ wá bá mi kẹ́dùn, ẹ ní mo gbìyànjú lórí àbúrò mi, pé bí kì í bá ṣe èmi, ì bá ti kú tipẹ́. Mo gba ìkẹ́dùn yín. Mo ní ẹ ṣeun. Ẹni tí ẹ ní kó wá fẹ́ yín lójú ló fi ata sẹ́nu.

Mi ò lè dáná sun Ọmọ náà. Lọ́dọọdún, bí Candelaria bá dé, n ó tilẹ̀kùn, n ó gbé e jáde láti dá nìkan gbé e dìde. Kò ṣeé ṣe. Ẹ mọ̀ pé orí aṣọ sílíìkì la máa ń tẹ́ ẹ sí, tí òbí ìsàmì mẹ́rin á di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Ọwọ́ méjì péré ni mo ní. Mo so igun méjì mọ́ àga, Ọmọ náà yí ṣubú. Gbogbo Ọmọ Jésù ìlú yìí ló ti dìde lọ́dọọdún. Eléyìí nìkan ló ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀, nítorí mi.

Ẹni tó bá ń kọjá sí Colombia nínú yín, kó bá mi bèèrè ìdílé Chaparro tó bí Yesid. Kó sọ fún wọn pé ọmọ wọn kì í ṣe olè, kó sì dárúkọ olè náà fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tí Ọlọ́run bá gba ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe ohun tí ẹ ti ń tọrọ, tó bá ń ta yín lára, ẹ tètè lọ bá ẹni náà ge ọ̀dùnkún sọ́bẹ̀. Ẹ má lọ sílé lọ máa rò ó bí mo ti ṣe.

Edilia, ẹkún rẹ ni mò ń gbọ́ yẹn, mi ò ní kí o dákẹ́. Mi ò sì ní kí o dárí jì mí lónìí. Bó bá di ọdún tí ń bọ̀, o lè wá sọ ọ́ lórí sàréè mi. Bó bá jẹ́ pé kò ní ṣeé ṣe láéláé, o ò jẹ̀bi. Ọmọ rẹ rèé, mo ti nù ún, eruku àlìkámà ò sí lára rẹ̀ mọ́. Mo gbé e dání láti àárọ̀. Wá gbà á, ọwọ́ ti ń ro mí.