Ìlà Méjì Nínú Ìwé Máàkì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lè ròkè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì oúnjẹ mi níbí ní Àkúrẹ́, ó sì ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹun níwájú ọlọ́pàá. Fọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni, èyí tí àwọn tó parí JSS 3 fi ń yan ẹ̀ka tí wọ́n máa lọ: sáyẹ́ǹsì, áàtì, kọmáṣà tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìyá ọmọ náà ti buwọ́ lù ú. Àyè ẹ̀ka nìkan ló ṣófo, èmi ló sì ní kí n kọ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé bíi tèmi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn òun bíi tèmi. Háà! Ká ní ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni!

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mi ò fi ojú gidi wo iṣẹ́ náà rí. Kíláàsì sáyẹ́ǹsì wà nínú ilé alájà tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun. Tiwa wà lẹ́yìn, nítòsí ilé ìdáná, máṣíìnì márùn-ún, méjì péré ló ń ṣiṣẹ́. Ilé Olódo làwọn ọmọ ń pè é. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín, bí òmùgọ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá gba máàkì gidi nínú ìṣirò á lọ sí ilé funfun, ẹni tí kò bá rọ́wọ́ mú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á dà á sí.

Ó ti tó ọdún méjìlélógún báyìí. Lọ́dún yẹn èmi ni tíṣà kíláàsì JSS 3, ọmọ mi Títí sì wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń pè é ní dókítà láti ìgbà tó ti ń rákò. Mo gba máàkì jọ lọ́wọ́ àwọn tíṣà, mo jókòó láti dà á kọ sínú ìwé ńlá. Títí gba méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ìṣirò. Ẹni tó tẹ̀ lé e nínú rẹ́jísítà ni Bọ́láńlé, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ilú-Àbò, tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Bọ́láńlé gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ìlà méjì péré, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Mo kọ ti Bọ́láńlé fún Títí, mo kọ ti Títí fún Bọ́láńlé, láti ìṣirò títí dé sáyẹ́ǹsì. Mo ní bí wọ́n bá mú mi, màá ní ojú ló ṣì mí. Ṣé ẹ rí i pé mo ti wá àwáwí sílẹ̀ kí n tó dẹ́ṣẹ̀? Mo ń sọ lọ́kàn pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, mi ò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan ọwọ́ ọmọ tèmi. Kò sẹ́ni tó mú mi. Wọ́n ti gbé tíṣà ìṣirò àti tíṣà sáyẹ́ǹsì lọ sí Ìkàrẹ́ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, tí wọ́n dà á sí ọ̀dọ̀ mi, ìyá Bọ́láńlé mú un wá bá mi. “Ẹ kú uṣẹ́ o, Tíṣà,” ló wí, kò bínú rárá. Ọmọ náà ló ń wò mí. Ó ní, “Ma, ṣé lóòótọ́ ni mo fèélì ìṣirò?” Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn: “Bọ́lá, ìwé kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ọwọ́ rẹ ni Ọlọ́run bù kún.” Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo tu ọmọ òun nínú.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Tí mo bá gbé aṣọ fún un, kò ní tíì fa téèpù tó fi máa sọ iye tó máa kù lẹ́yìn tí a bá gé e, kì í sì í ṣì. Gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń gbọgbẹ́, nítorí ìṣirò tí mo ní kò mọ̀ ló ń ṣe lójú mi. Títí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe ìdánwò àṣejáde, kẹ́míísìrì kò jẹ́ kó yọ. Nígbẹ̀yìn, èdè Yorùbá ló lọ kọ́, òun náà ti di tíṣà báyìí, kì í sì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù. Olè tí mo jà, mi ò rí i jẹ.

Bọ́lá relé ọkọ ní Oǹdó, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó ní àwọn ọmọṣẹ́. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu wá fún mi. “Ma, bí kì í bá ṣe yín, èmi olódo yìí ì bá ti ṣègbé.” Mo ń gba iṣu náà o, mo sì ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ burú, òun ló fi ń jẹun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti yan ohun tó fẹ́ ni mo jí, mo sì mú un gbà pé ọpọlọ òun kò jí pépé.

Ọjọ́ Ẹtì ló mú ọmọ rẹ̀, Mofẹ́, wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù yìí. Mo wo káàdì ọmọ náà, máàkì rẹ̀ ń dán. Mo ní, “Bọ́lá, sáyẹ́ǹsì ni kó lọ.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ma, ẹ má pọ́n mi lé. Ẹ̀yin náà lẹ rí máàkì tèmi. Èyí kàn ṣe kòńgẹ́ oríire ni, èmi ló jọ, tó bá yá á já a kulẹ̀. Ẹ bá mi kọ iṣẹ́ ọwọ́ síbẹ̀, kí n má baà fi ìrètí ṣe é léṣe.” Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Mofẹ́ yíjú padà sí mi lẹ́nu ọ̀nà. “Ma, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwé kì í ṣe ti gbogbo èèyàn?”

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí mo bá kọ iṣẹ́ ọwọ́, mo ja ọmọ lólè lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Tí mo bá yọ́ kẹ́lẹ́ kọ sáyẹ́ǹsì, bírò mi tún ni mo fi yí ayé wọn láì wí, Bọ́lá á sì lọ yọ ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí sáà tó parí. Òtítọ́ nìkan ló lè tú okùn yìí, Títí náà á sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ tẹnu mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ọ̀la ni Bọ́lá ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù, ó sì máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi, bó ṣe máa ń ṣe, kí n tó rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.