Ẹni Tí Kò Dé, Mo Ní Ó Dé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa wá sí gbangba. Mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Ìdànrè níbí, torí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló mọ bàbá mi. Tó bá sì di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àṣírí máa tú, bí mo sọ̀rọ̀ bí mi ò sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún yín.

Aṣọ ni mò ń rán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, èmi ni ògbufọ̀. Bí àlejò bá wá wàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń dúró tì í tí mo ń túmọ̀ fún ìjọ. Bàbá mi máa ń fi mí yangàn. Ó ní ọmọ òun kì í fi kún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, kì í sì í yọ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Délé, ló mú ìwé náà wọ ilé wa. Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń ṣí o. Inú fóònù ni òyìnbó kan ti ń kà á síni létí. Ìtàn àwọn sójà ni, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ láti ìràwọ̀ kan lọ sí òmíràn láti jagun. Ìwé kan á parí, òmíràn á tẹ̀lé e.

Sójà ni Délé náà. Kó tó wọṣẹ́, ó máa ń sáré gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè láàárọ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Tó bá gba ìsinmi wálé, òun àti bàbá mi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí a sá. Á tẹ fóònù, á dá a dúró, á túmọ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tiwa níbí, bàbá mi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí òyìnbó yẹn ń gba imú sọ, kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. "Kí ló fọ̀?" ni yóò máa wí ṣáá, tí Délé á máa rẹ́rìn-ín.

Akọni inú ìtàn náà, Sájẹ́ǹtì ni bàbá mi ń pè é, torí orúkọ rẹ̀ ò ṣeé pè. Ìyàwó Sájẹ́ǹtì wà nílé tó ń retí rẹ̀. Bàbá mi mọ̀ pé ìtàn lásán ni, àmọ́ á tún máa béèrè pé, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń jẹun yó nínú ọkọ̀ yẹn?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Délé lọ sí Òkè Ọya, níbi tí ogun wà; ó fi fóònù náà sílẹ̀ fún bàbá mi. Àwọn ọ̀tá ká wọn mọ́ ibùdó wọn. Wọn ò rí i láàárín àwọn tó yè, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn ń wá a. Ọdún ti gorí ọdún. Títí di òní, tí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, gbogbo wa á yọjú wò ó.

Èmi ni mo wá gba iṣẹ́ ìtúmọ̀ ìwé náà ṣe. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde, mo kọ́kọ́ dá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, Sájẹ́ǹtì ò dé. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n lè sá lọ, òun dúró síta. Ìyàwó rẹ̀ wà níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí títí gbogbo èèyàn fi lọ tán.

Mo lọ wo ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ti gbọ́ ọ ti ń sọ èrò wọn. Ìjà ni mo bá níbẹ̀. Àwọn kan ní òǹkọ̀wé náà rẹ́ àwọn jẹ, pé ṣé nítorí èyí ni àwọn ṣe ń dúró láti ọjọ́ yìí. Àwọn kan ní kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹni tó ń kà á. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ bógun lọ. Ó ní ìwé yẹn ló jẹ́ kí òun lè sunkún ọkọ òun, pé láti ìgbà náà ni òun ti ń rí oorun sùn. Mo ka tirẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi. Síbẹ̀ mi ò gbọ́n.

Nígbà tí èmi àti bàbá mi gbọ́ ọ dé ibẹ̀, mo dá fóònù dúró. Ó ní, "Kí ló fọ̀?" Mo ní ilẹ̀kùn ṣí, Sájẹ́ǹtì jáde. Mo ní ó ń tiro díẹ̀. Mo ní kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi ń béèrè oúnjẹ. Délé ni mò ń sọ. Bó ṣe máa ń béèrè oúnjẹ tó bá wọlé nìyẹn.

Bàbá mi ṣí fìlà. Ó gbàdúrà, ó sunkún.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí mo fi tan ara mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe torí bàbá mi nìkan. Ó wu èmi náà kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi pé ó dé. Ó wù mí gan-an.

Bàbá mi ní kí n bá òun kọ èrò tòun síbẹ̀ pẹ̀lú, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó jẹ́ kí ọmọ náà fojú kan ilé. Mo kọ ọ́. Orúkọ Délé ló jáde lókè rẹ̀, torí òun ló ni fóònù náà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé irú ìwé wo lèyí gbọ́. Obìnrin ọjọ́sí fèsì pé ì bá wu òun kí òun gbọ́ irú èyí tí ẹ gbọ́. Bàbá mi bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní wọ́n ní òótọ́ lẹ sọ.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni. Bùnmi, ìyàwó Délé, ń ṣe tíṣà ní Owena. Ọkùnrin kan tó níwà fẹ́ fẹ́ ẹ. Bùnmi wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, agbára mi ò gbé e mọ́." Bàbá mi ò bínú. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣebí gbogbo wọn ló ní ọkọ obìnrin inú ìwé yẹn ti kú? Ó sì dé. Ṣe sùúrù."

Bùnmi tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. Eyínfúnjowó ló máa ń pè mí. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ṣé lóòótọ́ ló dé?" Mo ní ó dé. Ó padà lọ sí Owena, ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ ná. Ó ti rù gan-an báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀.

Bàbá mi wá rí i pé inú rẹ̀ ò dùn. Ló bá ránṣẹ́ sí i pé kó wá ní Sọ́ńdè, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìparí ìwé náà. Bùnmi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Kò nílò ògbufọ̀.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún bàbá mi kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, mo ti jókòó tì í, mo sì tún dìde. Bó bá fi igi lù mí, màá dọ̀bálẹ̀ gbà á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò ní bínú. Á kàn bi mí pé, "Ṣé Délé náà ò ní wá mọ́ nìyẹn?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìwé náà dé òpin, kí ni kí n dá a lóhùn?