Bí Mo Ṣe Fi Béjà Gba Jawáàlì

Ojú ń tì mí títí di òní. Bí ẹ bá rí mi níbi ìsọmọlórúkọ ní Jẹ́dà, tí mò ń rẹ́rìn-ín, tí fóònù ń dún nínú àpò mi, ẹ ó sọ pé ayé yẹ obìnrin yìí. Ayé yẹ mí lóòótọ́, n kò ní purọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ṣe tí n kò lè sọ létí àwọn tí a jọ wà níbí, nítorí bí ẹnìkan bá gbọ́ ọ ní àdúgbò wa ní Àmáríyà láàárọ̀, wọn á ti máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní Kùdáì ní Mẹ́kà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ẹni tó fi ohùn ìyá rẹ̀ ra ohun ọ̀ṣọ́ rí? Èmi rèé.

Irun ni mò ń dì. Mo wá ṣe Háájì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ṣe é tán, àwọn tí a jọ wá padà sí Ìwó, èmi kò bá wọn lọ. N kò ní ìkámà, ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò gbé ní ìlú yìí. Èmi àti Àlàájà Ràlíátù, ará Ìsẹ́yìn tó ti pẹ́ ní Jẹ́dà jù mí lọ, la jọ ń gbé yàrá kan ní Àmáríyà. Ilé oníbàárà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ mi, béjà ló sì ń mú wọn wá. Ẹ̀rọ kékeré bí páálí ìṣáná ni béjà, ìgbàdí là ń so ó mọ́, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wá mi yóò tẹ nọ́ńbà béjà mi lórí fóònù ilé rẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Béjà á ké, màá wo nọ́ńbà tó gbé jáde, màá sáré lọ sí kábínà tí wọ́n ti ń fi owó pe fóònù, màá pè é padà. Wọ́n á sọ fún mi pé ìgbéyàwó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí n wá dirun fún ìyàwó àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo ṣe ń jẹun nìyẹn.

Àwa tí kò níwèé tún ti fi ọgbọ́n tiwa kún un. Bí o bá rí méje lẹ́ẹ̀mẹta lójú béjà rẹ, yáa máa bọ̀ nílé, àlejò ti dé. Bí o bá rí òdo lẹ́ẹ̀mẹta, má ṣe wálé o! Àwọn jawasáàtì tó ń kó ẹni tí kò níwèé ti wà ládùúgbò. Òdo mẹ́ta yẹn ti yọ mí lẹ́ẹ̀mejì kí ìtàn yìí tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí jawáàlì dé, ìyẹn fóònù tí èèyàn ń mú rìn, Àlàájà Sẹ̀bíátù tí òun náà ń dirun ló kọ́kọ́ rà á nínú wa. Ibi ìsọmọlórúkọ kan ló gbé e wá, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní níwájú ara rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó dún. Gbogbo ilé yí ojú sí i. Ó gbé e sétí, ó ní, “Àlúù! Àlúù!” Ó ń fi Lárúbáwá sọ̀rọ̀, ó ń wo òkè àjà. Kò pẹ́ ni béjà tèmi náà ké ní ìgbàdí mi. Mo ní láti dìde láàárín wọn, kí n wọ ẹ̀wù abáyà, kí n bọ́ sínú oòrùn lọ wá kábínà. Sẹ̀bíátù ní, “Ẹ yára o, kí kábínà má lọ kún.” Háà! Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, inú egungun mi ló wọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ààfáà Mùrítàlá, ọmọ Ìwó bíi tèmi, ń kàwé òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, ó sì ní ìkámà akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi gba lààní, ìyẹn nọ́ńbà tí jawáàlì ń lò, fún mi. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi dáadáa. Ó ní owó béjà kì í yí padà, bí ènìyàn kan pè mí, bí igba pè mí, iye kan náà ni mò ń san lóṣù. Ó ní ti kábínà, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ ni màá san. Ti jawáàlì ni kí n ṣọ́ra fún, nítorí màá ra ẹ̀rọ, màá ra lààní, màá san tòṣooṣù bí n kò tilẹ̀ la ẹnu, bí mo bá sì la ẹnu, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Ó ní, “Àlàájà, ẹ rà á bí ó bá wù yín, iṣẹ́ yín tó o. Ṣùgbọ́n ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, títí gbogbo èèyàn yóò fi mọ nọ́ńbà tuntun.” Àlàájà Ràlíátù tilẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní, “Irun lò ń dì, àbúrò mi, o kì í ṣe mínísítà. Kí lo fẹ́ máa sọ ní títì tí kò lè dúró dé kábínà?” Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n etí mi ló gbọ́ o, ọkàn mi kò gbọ́.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Ní ọdún yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin san owó Háájì fún ìyá wa. Ọdún méje ni n kò ti fojú kan ìyá mi! N kò lè lọ sílé, nítorí bí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. N kò sì lè lọ bá a ní Mẹ́kà, nítorí bí àkókò Háájì bá ti sún mọ́, ọlọ́pàá á kún ojú ọ̀nà láti Jẹ́dà, ìkámà ni wọ́n ń bi ọmọ àti àgbà. Mo gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo fi rán ẹni tó wá ṣe Úmúrà sí ìyá mi. Mo ní bí ó bá ti dé ilé tí wọ́n bá fi wọ́n sí ní Mẹ́kà, kí ó bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ilé kó tẹ nọ́ńbà béjà mi, kó fi ti ilé náà tẹ̀ lé e, èmi yóò pè é. Ìyá mi mú kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sórí aṣọ, ó rán an mọ́ inú àpò tí àwọn tó ń lọ ṣe Háájì máa ń so kọ́rùn.

Ìgbéyàwó pọ̀ lẹ́yìn Ààwẹ̀, owó wọlé. Ààfáà bá mi gba lààní, ni mo bá gba ọjà Bàláàdì lọ, sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra béjà. Orúkọ ọlọ́jà náà ni béjà ọ̀hún wà, nítorí n kò níwèé. Ó ní bí mo bá dá béjà padà fún òun, òun yóò dín owó jawáàlì kù fún mi. Ọwọ́ mi wà lórí béjà náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, n kò gbàgbé. Ìyá mi wá sí mi lọ́kàn, mo tilẹ̀ rí ojú rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé màá wá ẹni tí màá fi nọ́ńbà tuntun rán kí wọ́n tó gbéra. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa fún ara mi, nítorí ẹni tó ń lọ sí Ìwó lákòókò náà kò sí, gbogbo ayé ló ń bọ̀ wá sí Mẹ́kà, ojú sì ń tì mí láti pe ẹ̀gbọ́n mi kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo yọ béjà, mo gbé e fún un. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ìsọmọlórúkọ mìíràn wà lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì fẹ́ kí Sẹ̀bíátù rí mi.

Ó rí mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ayọ̀ náà. Láti ọjọ́ kejì, jawáàlì mi kò dún. Ta ni yóò pè é? Gbogbo ilé olówó tó mọ̀ mí, nọ́ńbà béjà ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò. Lọ́sẹ̀ kejì, mò ń bọ̀ láti ọjà lọ́sàn-án gangan, Àlàájà Ràlíátù ló fa abáyà mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan. Jawasáàtì kún ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn ará ilé tí kò tíì mọ nọ́ńbà tuntun ti fi òdo mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi títí, sí béjà tí kò sí lọ́wọ́ mi mọ́! Àlàájà Ràlíátù kò bá mi wí. Ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tó yá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó. Ó ní, “Ìyá? Wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ọjọ́ mẹ́fà. Ṣé wọn kò tíì pè ọ́ ni?” Orí mi fò lọ. Mo bẹ Ààfáà, ó wá ìyá mi láti ilé dé ilé, ní Kùdáì, ní ẹ̀bá Háráàmù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n wọ irú aṣọ kan náà. Kò rí i. Èmi wà ní Jẹ́dà, n kò lè jẹun, n kò lè kírun kí omijé má bọ́ sórí ẹní. Mo sáré padà sí Bàláàdì. Ọlọ́jà ní òun ti ta béjà fún ẹlòmíràn, òun kò mọ ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti la ojú mi. Ṣebí béjà ṣì ń gba ìpè? Èmi náà tẹ nọ́ńbà béjà tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà jawáàlì mi tẹ̀ lé e. Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Ni jawáàlì bá dún! Ará Súdáànù kan ni, ọkọ̀ tó ń gbé omi tà ló ń wà. Ó fi ìbínú kígbe pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ni gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí? Láti ìgbà tí mo ti ra nǹkan yìí, bí mo bá pè wọ́n padà, ìyàwó ni wọ́n ní kí n wá dirun fún!” Ó ní nọ́ńbà Mẹ́kà kan tilẹ̀ wà tó ń wọlé lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì, òun kò dá a lóhùn mọ́ nítorí èdè tí obìnrin arúgbó kan ń sọ níbẹ̀ kò yé òun. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Mo ní kó ka nọ́ńbà náà fún mi.

Nígbà tí mo pè é, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ló gbé e. Mo ní mò ń wá Àlàájà kan láti Ìwó. Ó ní, “Ìyá tó ń jókòó síbí lójoojúmọ́?” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, mo wá gbọ́ ohùn tí ó ti ń wù mí láti gbọ́ fún ọdún méje. “Àṣàkẹ́?” Ẹkún ni mo fi dáhùn. Ìyá mi ní bí ìrun Àsárì bá ti fẹ́ pé, àwọn ẹgbẹ́ òun á lọ kí i ní Háráàmù, òun á kí tòun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kí n má baà pè kí n má bá òun. Nígbà tó bi mí pé béjà ńkọ́, ẹnu mi kò gba òtítọ́. Mo ní, “Wọ́n jí i ni, Ìyá mi.” Ó wá ní, “Ẹni tó jí i, mo ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí Arafá.”

Ẹ gbà mí! Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí Arafá jẹ́, pápá tí àdúà Háájì ti ń gbà jù. Àdúà ìyá, ní Arafá, lórí olè, èmi sì ni olè náà! Mo pe ilé náà padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n jẹ́wọ́, wọ́n ní ọkọ̀ ti kó gbogbo wọn lọ sí Mínà, ní ọ̀nà Arafá. Ọjọ́ Arafá, gbogbo ènìyàn ń gbààwẹ̀, èmi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Aṣeni ń ṣe ara rẹ̀.

Nígbà tí Háájì parí, wọ́n kó wọn wá sí Jẹ́dà láti dúró de ọkọ̀ òfuurufú. Ní Jẹ́dà, n kò ní láti kọjá níwájú ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kankan. Mo lọ bá ìyá mi. Ó ti gbó sí i, ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ, a di mọ́ra wa títí àwọn èèyàn fi ń sọ pé kí a jókòó. Bí ẹkún ṣe dá, mo bi í ní ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn. “Ìyá mi, kí lẹ sọ ní Arafá nípa olè yẹn?”

Ó ní, “Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní èyí tó dára ju ìyẹn lọ, kó má baà tún jí ti ọmọ ẹlòmíràn.”

Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo fa jawáàlì yọ nínú àpò, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Sẹ̀bíátù dórí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi wò ó, ó wò mí. Ó fa etí mi, ó fà á dáadáa, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. “Àdúà mi tètè gbà o!” Ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi fún òun. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé e ní Ìwó, ìyá mi figbe bọnu: “Jawáàlì ọmọ mi ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ o! Èmi àti Àṣàkẹ́ la jọ wà níbí!” N kò bìkítà iye ìṣẹ́jú tó lò. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo tú irun rẹ̀, mo dì í lẹ́wà títí ó fi parí ọ̀rọ̀.

Mo ra béjà padà lọ́wọ́ ará Súdáànù náà, inú rẹ̀ dùn pé òun bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyàwó. Mo lo méjèèjì pọ̀ fún ọdún kan gbáko kí n tó fi béjà sílẹ̀. Àwọn oníbàárà padà, òmíràn mú ọ̀rẹ́ wá, lónìí iṣẹ́ tí jawáàlì ń gbà fún mi ju ọwọ́ mi lọ, mo ti ń pín in fún Sẹ̀bíátù gan-an! Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má ra ohun tuntun. Bí iṣẹ́ yín bá tó o, ẹ rà á, kí ẹ sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rà á nítorí ẹ̀rín ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, kó jókòó ná. Kó ka àwọn tó mọ nọ́ńbà àtijọ́ rẹ̀ lórí. Bí arúgbó kan bá wà nínú wọn tó rán an mọ́ aṣọ, kó má tíì fi ọwọ́ kan èyí tó wà ní ìgbàdí rẹ̀.